Ìkarahun Ọlọ́wọ́ Òsì

Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, kò gba ojú rẹ̀ gbọ́ rárá. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń mọ ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé iṣu wá tà fún un, ìdí iṣu ni yóò kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀. Bí ibà bá ń ṣe mí, kì í bi mí bó ṣe ń ṣe mí. Yóò fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ etí mi, yóò sì dákẹ́ títí àyà mi yóò fi máa já. Nígbà tí bàbá mi wá tọrọ ìyá mi, wọ́n ní bó ṣe dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀ báyìí ni Yèyé fà á lọ́wọ́, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó fi àtàǹpàkò gbá a kọjá, ó sì sọ lójú gbogbo àna pé, “Ọwọ́ yìí kò tí ì ṣe uṣẹ́ rí.” Tíṣà ni bàbá mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún títí tó fi darúgbó.

Lọ́jọ́ tí a sin Yèyé, àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Wọ́n sọ nípa ìkòkò rẹ̀, wọ́n sọ nípa ẹnu rẹ̀ tó mú, wọ́n sì rọra fo ohun tó ṣe lẹ́nu kòtò amọ̀ dá. Èmi kò sọ nǹkan kan. Ìyá mi ti lọ báyìí, bàbá mi náà ti lọ, kò sì sí ẹni tí òótọ́ lè pa lára mọ́ àfi èmi tí mo ti gbé e láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Ó ti sú mi í gbé.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́, lójú ọ̀nà Ìsẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè rí ẹ̀yìn àpáta Olósùnta bí kùrukùru bá ti ká. Àwọn ọkùnrin ń ṣe kòkó àti iṣu, àwọn obìnrin ń mọ ìkòkò. Ohun èlò wọn kò pọ̀: omi, àkísà, odó tí wọ́n fi ń gún àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n ń pò mọ́ amọ̀, àti ìkarahun òkun kan ṣoṣo fún obìnrin kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ru ẹja gbígbẹ wá láti ìsàlẹ̀ Oǹdó ló ń mú ìkarahun náà wá, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, òun ni wọ́n sì fi ń fá ara ìkòkò tútù kó lè dán. Tí obìnrin bá lò ó fún ogún ọdún, ọwọ́ rẹ̀ á ti jẹ etí kan lọ, àtàǹpàkò rẹ̀ á sì ti gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìkarahun yìí ní òfin. A kì í yá a, a kì í tà á, a kì í sì í gbé e sílẹ̀ níbì kan. Etí aṣọ ni obìnrin ń so ó mọ́, ì báà jẹ́ oko ló ń lọ, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá kú, ọmọ rẹ̀ á gbà á. Ẹni tó bá yọ̀ǹda tirẹ̀ láàyè ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan amọ̀ mọ́. Ọjọ́ kan ni mo bi Yèyé pé bó bá wá sọnù ńkọ́. Ó wò mí bíi pé mo bú u. Ó ní, “Kì í sọnù. Olówó ẹ̀ ló ń sọnù.”

Kò sẹ́ni tí Yèyé kì í bá jà, ṣùgbọ́n bàbá mi ló fẹ́ràn láti bá jà jù. Ará ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, ara rẹ̀ kì í gbà á pé àwa Èkìtì ń pe àgbàlagbà ní “o” dípò “ẹ.” Ó ń nà wá nítorí rẹ̀. Yèyé gbọ́ igbe mi lọ́jọ́ kan, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “Tíṣà, bí o bá ń gbàdúrà, ṣé ‘ẹ’ ni o ń pe Ọlọ́run?” Bàbá mi gbé pàṣán sílẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.

Yèyé ló kọ́ mi bí a ṣe ń mọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Etí odò la wà, mo lè ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ṣa òkúta méjì, ó ní kí n di ojú. Ọ̀kan dán yíká, kò sí ibi tí ìka mi lè kọ́. Èkejì dán lápá kan, ó sì rí gbágungbàgun lápá kejì. Ó ní omi ló jẹ àkọ́kọ́, àwọn tó ń lọ ata ló jẹ èkejì. Mo bi í pé báwo ló ṣe dá a lójú. Ó ní, “Omi kì í yan ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ ló ń yan ẹ̀gbẹ́.”

Ìjà tó wá burú jù nínú gbogbo ìjà rẹ̀ ni ti kòtò amọ̀. Lábẹ́ bèbè odò ni amọ̀ tó dára wà, amọ̀ dúdú tí kì í sán nínú iná. Láti ayé àwọn ìyá wọn ni wọ́n ti ń wà á, wọ́n sì ti wọlé sábẹ́ ilẹ̀ débi pé ó ti di ihò, ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó lè wọ̀ ọ́. Ìyá mi tín-ín-rín, òun ló máa ń wọlé dé ìpẹ̀kun, á máa wa amọ̀ sínú agbọ̀n, àwọn yòókù á máa fi okùn fà á síta. Ní ọdún tí ilé ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, nígbà ọyẹ́, Yèyé gun orí bèbè náà lọ já ewé, ó sì rí i pé ilẹ̀ ti là. Ìlà náà gùn láti ìdí ìrókò kan dé etí bèbè. Ó ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, àtàǹpàkò wọlé tán, afẹ́fẹ́ tútù sì ń fẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀.

Ó bẹ àwọn amọ̀kòkò pé kí wọ́n má wọ ihò náà mọ́. Mi ò rí kí Yèyé bẹ ènìyàn rí ṣáájú ìgbà yẹn, ojú sì tì mí. Ìyá Dúró tó jẹ́ olórí wọn ní ìlà náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, pé oòrùn ló ń la ilẹ̀, òjò á dì í. Wọ́n lọ gbìyànjú amọ̀ ibòmíràn lẹ́ẹ̀kan, ìkòkò méje nínú mẹ́wàá sán lójú iná, wọ́n sì padà sínú ihò. Ìyá mi gan-an ló le jù. Ó sọ fún Yèyé pé kó yé fi ẹ̀rù arúgbó dá òun dúró. Láti ọjọ́ náà, Yèyé á máa jókòó sórí ìtì igi ní iwájú ihò ní gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá ń wa amọ̀, á máa tẹ́tí. Mo jókòó tì í nígbà tí kò bá sí ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá fa agbọ̀n jáde tí ìyá mi kò sì tíì pè láti inú ihò, mo máa ń rí i tí ètè Yèyé ń mì. Nígbà kan, erùpẹ̀ já lulẹ̀ díẹ̀ láti òkè, bí iyọ̀ tí ènìyàn fọ́n. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, “Ulẹ̀ ti ń ka iye wọn.”

Inú ihò yẹn náà ni ìyá mi ti rí ìkarahun kan. Amọ̀ dì mọ́ ọn lára, ó jọ òkúta lásán, ó sì fi fún Yèyé kó fọ̀ ọ́. Ìròyìn ti dé ilé ṣáájú wa. Ìkarahun òkun, lábẹ́ ilẹ̀ wa, nísàlẹ̀ tó jìn tó báyìí! Bàbá mi ní bóyá òkun ti dé ibí yìí nígbà kan rí, tàbí kó jẹ́ pé àwọn ará àtijọ́ tí kò mọ irin ló fi ọwọ́ ṣe é, ó sì yẹ ká fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ n'Íbàdàn. Ó yà á sínú ìwé rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú amọ̀ tó ṣì wà lára rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, ó fi rúlà wọn gígùn rẹ̀. Ìyá Dúró ń béèrè láti ìta pé ṣé ọwọ́ ló jẹ ẹ́ ni, àbí omi. Gbogbo wa mọ ohun tí ìbéèrè náà túmọ̀ sí. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ló jẹ ẹ́, á jẹ́ pé amọ̀kòkò kan ló ni ín, níwọ̀n bí kì í sì í sọnù, á jẹ́ pé olówó rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibẹ̀.

Yèyé so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Ó ní òun á fún wọn lésì lẹ́yìn ọjà, torí ohun báyìí kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú wò. Nígbà tó ku èmi àti òun nìkan, ó fọ̀ ọ́, ó ní kí n di ojú, ó sì fi í sí mi lọ́wọ́. Ó dán yíká. Kò sí ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ yàn.

Mo ní, “Yèyé, omi ni.”

Ó ní, “Omi ni. Pa ẹnu rẹ dé.”

Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún ìyá mi pé òun ń lọ kí ẹnìkan ní Àgbàdo-Èkìtì, pé èmi ni n óò bá òun gbé agbọ̀n. A wọ lọ́rì tó ń kó kòkó. Nígbà tí a dé orí afárá kékeré kan tí ọkọ̀ dúró bu omi sínú ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó sì ju ìkarahun náà sínú odò. Ó tún gòkè, ó jókòó, ó sì ń jẹ obì bíi pé kò ṣe nǹkan kan.

Ní Àgbàdo, lẹ́yìn ilé kan tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, obìnrin arúgbó kan jókòó ti orù tútù kan, ó ń fá a. Ọwọ́ òsì ló fi ń fá a. Mo rí ojú rẹ̀, ojú Yèyé ni mo rí, àfi pé eléyìí dúdú jù ú lọ, ó sì dàgbà díẹ̀ jù ú lọ. Kò dìde. Ó ní, “Ìwọ lo dé yìí.” Ìgbà náà ni mo mọ ẹni tó jẹ́.

Nínú ìdílé wa, a kì í pe orúkọ Ọmọ́yẹni. Ẹ̀gbọ́n Yèyé ni, ọlọ́wọ́ òsì ni, ó sì ní ọkọ tó ń lù ú. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú ọjọ́ náà, ó gbé agbọ̀n lọ sí kòtò amọ̀ ní àárọ̀ kan, kò sì padà. Agbọ̀n rẹ̀ ni wọ́n rí. Àwọn kan ní ilẹ̀ ló gbé e, àwọn kan ní ó bá ọkùnrin lọ, ọkọ rẹ̀ sì fi orúkọ rẹ̀ gégùn-ún. Yèyé nìkan ló mọ̀ pé ó wà láàyè. Ó mọ̀ ọ́n fún àádọ́ta ọdún, kò sọ fún ìyá tó bí àwọn méjèèjì títí ìyẹn fi kú. Ó bà mí nínú jẹ́ nígbà tí mo mọ̀. Títí di òní, mi ò tíì dárí èyí jì í tán.

Wọn kò lé mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà tí mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Yèyé ní, “Ulẹ̀ fẹ́ gbé ọmọ mi. Wọn kò gbọ́ tèmi. A kì í wa amọ̀ nínú ibojì, àbí? Mo fẹ́ fi ìkarahun rẹ sin ọ́ síbẹ̀.”

Arúgbó náà ń fá ìkòkò lọ. Ó ní, “Ọkùnrin tó ń lù mí yẹn ti kú.”

“Mo gbọ́.”

“Bí ọdún Olósùnta bá dé, mo ní n óò wálé. Mo ti sọ fún àwọn ará ulé níbí. Mo ní n óò kú sí ulé wa.”

Yèyé ń wo ìkarahun tó wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Bí o bá sin mí, mi ò lè wálé mọ́.”

“O ò lè wálé mọ́.”

“Nítorí ọmọ tí mi ò fojú kàn rí.”

“Nítorí ọmọ tí o ò fojú kàn rí.”

Mo ń retí kó bínú, kó lé wa jáde. Ó wo orù tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, “Jẹ́ kí n parí eléyìí.” Ó fá a yíká títí ó fi dán, ó fi omi nu etí rẹ̀, ó sì gbé e sí ìbòòji. Lẹ́yìn náà ló fi ìgbátí aṣọ rẹ̀ nu ìkarahun náà gbẹ, ó sì fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Yèyé kúnlẹ̀ gbà á. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ènìyàn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì ọjà, gbogbo àwọn amọ̀kòkò pé sí àgbàlá wa. Yèyé ti fi amọ̀ ra ìkarahun ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fọ̀ ọ́ lójú wọn. Ìyá Dúró gbà á kọ́kọ́. Kì í ṣe ẹni tí ènìyàn lè tàn jẹ. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, ó gbé e lé ìkòkò tútù, ó kọ́ lára ìkòkò. Ó yí i padà, ó tún kọ́. Ó dúró díẹ̀, ó sì wá gbé e sí ọwọ́ òsì, àtàǹpàkò rẹ̀ wọ inú ihò kékeré tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ bíi pé tirẹ̀ ni. Ìkarahun náà lọ geere. Lẹ́yìn náà ni ìyá arúgbó kan láàárín wọn gbé ọwọ́ lórí, ó sì pe orúkọ tí a kì í pè. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, torí ibi tó ti rí i, ibẹ̀ ló máa ń fi ẹ̀yìn tì.

Bàbá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Ó yí i síwá sẹ́yìn, mo sì rí ìgbà tó mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí òun yà. Ó gbójú sókè wo Yèyé. Yèyé náà wò ó, kò bẹ̀ ẹ́, kò sì gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ló wo ìyá mi tó ń gbọ̀n lórí àpótí. Ìyá Dúró ní, “Tíṣà, o yà á sínú ìwé, àbí? Báwo ló ṣe rí?”

Bàbá mi ní, “Mi ò yà á parí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni. Ọwọ́ ènìyàn ló jẹ ẹ́.” Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí i nínú ilé ìdáná tó ń fi ojú ìwé kan dá iná. Kò tún sọ̀rọ̀ sí Yèyé tìjàtìjà mọ́ láti ọjọ́ náà, mo sì rò pé ó dun Yèyé díẹ̀.

Wọ́n sin ìkarahun náà sínú aṣọ funfun ní ẹnu ihò, wọ́n sì ta màrìwò dí i, kò sì sẹ́ni tó wọ ihò náà wa amọ̀ mọ́. Àlùfáà gbọ́, ó bínú pé oníṣọ́ọ̀ṣì kan ń ṣe òkú ìkarahun, ó sì yọ Yèyé kúrò nínú àwọn tó ń gba ara Olúwa. Àga ẹ̀yìn ló ń jókòó sí títí tó fi kú. Èyí kò dà á láàmú. Ohun tó ń dà á láàmú ni ohun tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀: a kì í sin alààyè. Wọ́n ní bí a bá ti ṣí ilé fún òkú, ilé náà kì í dúró lófìfo. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ọ̀nà Àgbàdo wá, Yèyé á dìde dúró kí onítọ̀hún tó kí i. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ń retí. Ó ní, “Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì, èmi tàbí ẹ̀gbọ́n mi.”

Bèbè náà ya lulẹ̀ ní ọdún kejì, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò. Ìrókò náà bá a lọ. Ariwo rẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ wa. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀, ihò náà sì di pẹrẹsẹ bíi pé kò sí rí. Àwọn amọ̀kòkò ní Ọmọ́yẹni ló bínú fà á lulẹ̀, wọ́n gbé àkàrà lọ síbẹ̀. Yèyé kò bá wọn lọ. Ó pe ìyá mi jókòó, ó fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ etí rẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an kó tó gbé ọwọ́ kúrò.

Yèyé ló kọ́kọ́ lọ nínú òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì pé ọdún kan lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo gbé igbá omi jáde fún àwọn àlejò, mo sì rí obìnrin arúgbó kan tó dúró lábẹ́ igi obì lójú ọ̀nà, tó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀. Kò wọ àgbàlá. Amọ̀ kò sí ní èékánná rẹ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ń wo inú ilé wa, òrùlé rẹ̀, ògiri rẹ̀, igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bi mí pé, “Ọmọ náà dà?”

Kí n tó nawọ́, ìyá mi ti rí wa, ó sì ti ń bọ̀. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Ó kí arúgbó náà, ó bi í pé ta ló ń wá. Arúgbó náà ní, “Mi ò wá ẹnikẹ́ni. Mo ń kọjá lọ ni.” Ìyá mi ní arúgbó kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà òkú láìmu omi, ó sì gba igbá omi lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún un. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀, kò gbé ojú kúrò lára ìyá mi. Ó dá igbá padà, ó yíjú, ó sì gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lọ.

Ìyá mi dúró tí ó ń wò ó títí ó fi bọ́ sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Ó jọ ẹni tí mo mọ̀. Ta nìyẹn?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n.”